Kì í Ṣe Omi Ni Ọmọ Ń Sá Fún

Ìtanijí fún àwọn òbí àti alágbàtọ́ ọmọ kékeré ní Ùsò àti agbègbè Ọ̀wọ̀

Igbe àárọ̀

Tí ọyẹ́ bá ti mú, láti nǹkan bí oṣù Kejìlá wọ oṣù Kejì, igbe ọmọ kì í wọ́n ní Ùsò lówùúrọ̀. Ẹni tó bá yà kúrò lójú títì Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ tó wọ àárín ìlú á máa gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé kan dé èkejì. Korobá omi ti wà nílẹ̀, ìyá ti ká ìró sókè, ó ti jókòó lórí àpótí, ọmọ ọdún méjì ti di ẹnu ọ̀nà mú, ó ní òun ò wẹ̀. Àkókò ilé ìwé ń lọ, ọlọ́kadà ti ń fọn fèrè níta. Bó bá yá, wọ́n á gbé ọmọ náà tipátipá, wọ́n á da omi lé e lórí, wọ́n á fi kànrìnkàn gbo ó lára, tẹkúntẹkún ni wọ́n á sì fi wọṣọ fún un. Lọ́jọ́ kejì, kó tó rí omi rárá, bó bá ti rí ìyá rẹ̀ tó gbé àpótí, ó ti sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

A máa ń sọ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ràn omi. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan náà yìí, ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ná, ẹ ó bá a lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ní ìhòòhò goloto, tó ń fò sókè. Ẹ gbé bàsíà ìfọṣọ kalẹ̀ kí ẹ yíjú sẹ́yìn, ó ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Omi kọ́ ló ń sá fún. Nǹkan kan pàtó wà nínú ìwẹ̀ yẹn tó ń bà á lẹ́rù tàbí tó ń dùn ún, kò sì ní ẹnu tí yóò fi sọ ọ́. Iṣẹ́ òbí ni láti wá nǹkan náà rí. Bí a kò bá rí i, ẹ̀bẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́, pàṣán náà kò sì ní ṣiṣẹ́.

Èèwọ̀ ọmọ kan kì í ṣe ti èkejì

Ní agbègbè Ọ̀wọ̀ níbí, ta ni kò mọ ìtàn Ọ̀rọ̀ǹsẹ̀n, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ̀n, tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣe ọdún Ìgógó? Wọ́n ní obìnrin náà ní èèwọ̀ mẹ́ta: wọn kì í lọ ilá lójú rẹ̀, wọn kì í sọ ẹrù igi kalẹ̀ lójú rẹ̀, wọn kì í sì í da omi sí àgbàlá lójú rẹ̀. Ilé tòrò títí di ọjọ́ tí àwọn orogún rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe gbogbo rẹ̀, ló bá jáde nílé. Ọmọ kékeré náà ní èèwọ̀ tirẹ̀ nínú balùwẹ̀. Ọ̀rọ̀ǹsẹ̀n rí ẹnu sọ tirẹ̀. Ọmọ ọdún méjì kò rí, àfi kó ké.

Nítorí náà, ẹ fetí sí ibi tí ẹkún ti bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, èyí ni mo kà sí jù. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀ ló figbe ta, òtútù ló ń kọ̀. Tó bá dákẹ́ nígbà tí ẹ ń wẹ ẹsẹ̀ àti ikùn, tó wá bú sẹ́kún nígbà tí ìfófòó ọṣẹ sún mọ́ ojú, ọṣẹ ti ta á lójú rí, kò sì gbàgbé. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ gbé ike omi ga ju orí rẹ̀ lọ, ẹ̀rù ń bà á pé kò ní rí èémí mí. Àgbàlagbà gan-an, ẹ da omi lé e lórí láìsọ fún un, ẹ ó rí bí yóò ṣe fò. Ọmọ tó ń rọ̀ mọ́ yín lọ́rùn tí kò fẹ́ kẹ́sẹ̀ kanlẹ̀ ń bẹ̀rù yíyọ̀: sìmẹ́ńtì balùwẹ̀ tí ọṣẹ ti dà sí máa ń yọ̀ bọ̀rọ́, ó sì lè ti ṣubú níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ kò fiyè sí. Ẹ tẹ́ àpò tàbí aṣọ àtijọ́ sílẹ̀ fún un, ẹ wò ó bóyá kò ní sọ ọrùn yín kalẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n ti ń ké láti ojúde, níbi tí ẹ ti pè wọ́n. Eré ni wọ́n ń sunkún rẹ̀, wọn kò tíì ronú kan omi. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé ni wọ́n ti ń ké. Ẹ wo ọwọ́ ẹni náà dáadáa. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n tó ń kánjú lọ síléèwé, tó ń fa àbúrò rẹ̀ ní apá. Ó lè jẹ́ ohun tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó padà sórí ìyẹn.

Láàrin ọdún kan àbọ̀ sí ọdún mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń le jù. Ọmọ tó ń fi omi ṣeré nígbà tó wà ní oṣù mẹ́wàá lè ṣàdédé kọ̀yìn sí i. Ìgbà yẹn ni ọmọ ń mọ̀ pé òun ní ìfẹ́ inú tòun, pé òun lè ní rárá kí rárá náà sì múlẹ̀. Kì í ṣe agídí, kò sì túmọ̀ sí pé ẹ kò kọ́ ọ dáadáa. Ó ń dàgbà ni. Ó máa ń kọjá, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ yín bá ṣe le tó ni yóò ṣe pẹ́ tó.

Omi, kó tó kan ọmọ lára

Ẹ jẹ́ ká mú òtútù, nítorí òun ló wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Omi kànga tàbí omi táǹkì tó sun ìta mọ́jú nínú ọyẹ́ kò ṣeé dà lé ọmọ lára. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò sì ní gáàsì tàbí èédú tí wọ́n lè máa fi ṣòfò lójoojúmọ́ nítorí ìwẹ̀ ọmọ. Ohun tí kò náni lówó wà: ẹ pọn omi sínú bàsíà tàbí korobá tó dúdú, ẹ fi nǹkan bò ó, ẹ gbé e sínú oòrùn láti àárọ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọ kò tó. Oòrùn ọyẹ́ máa ń mú lọ́sàn-án. Bó bá fi di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, omi náà ti lọ́wọ́ọ́wọ́. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ọmọ wẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ta ló fi òfin lélẹ̀ pé aago mẹ́fà àárọ̀ ni ìwẹ̀ pàtàkì? Ẹ wẹ̀ ẹ́ dáadáa nírọ̀lẹ́, kí ìdọ̀tí eré ọjọ́ náà kúrò lára rẹ̀ kó tó sùn. Tó bá di àárọ̀, ẹ fi aṣọ tútù nu ojú, abẹ́ apá àti ìdí rẹ̀, ẹ fi omi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, kó máa lọ síléèwé láìsí igbe.

Tó bá jẹ́ pé iná ni ẹ fẹ́ fi gbé omi kaná, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ bu omi tútù sí bàsíà kí ẹ tó da gbígbóná sí i. Àwọn tó ń bu gbígbóná ṣáájú, tí wọ́n wá ń sáré lọ wá tútù, ẹ̀yìn wọn ni ọmọ ti ń kó sínú rẹ̀. Awọ ara ọmọdé fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ. Omi tó gbóná dé 60 lórí ìwọ̀n Celsius, tí kò tíì hó rárá, lè bó ara láàrin ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré. Èyí tó tọ́ fún ọmọ jẹ́ nǹkan bí 37 tàbí 38, ìyẹn ni pé kó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju bí ara tiwa ṣe móoru lọ. Ìgbọ̀nwọ́ ni kí ẹ fi tọ́ ọ wò, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́; àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń gun iyán, tó ń gbé ìkòkò kaná, ti yigbì, kò lè sọ òótọ́ fún yín.

Bí omi gbígbóná bá sì dà sí ọmọ lára, omi tútù tó mọ́ tó ń ṣàn ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ máa bù ú sí ojú egbò náà láìdáwọ́ dúró, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ wé ibi yòókù kí òtútù má mú un. Kì í ṣe ẹyin tútù, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kì í ṣe epo pupa. Gbogbo ìwọ̀nyí máa ń kó ìdọ̀tí wọ ojú egbò, wọ́n sì ń jẹ́ kí iṣẹ́ dókítà le. Lẹ́yìn omi, aṣọ mímọ́ ni kí ẹ fi bò ó, kí ẹ sì máa gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọṣẹ, kànrìnkàn àti orí

Ọṣẹ dúdú jẹ́ ohun ìní wa. Ní agbègbè kòkó bíi tiwa yìí, eérú èèpo kòkó wà nínú ohun tí wọ́n fi ń sè é, pẹ̀lú adín. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n eérú yẹn ló fún un lágbára tó fi ń ṣí ìdọ̀tí, agbára yẹn náà ló sì ń ta ọmọ lójú. Nígbà tí ọyẹ́ bá ti gbẹ awọ ara ọmọ, tí ó ti ń sán ní orúnkún àti lẹ́yìn ọwọ́, ọṣẹ kan náà á máa ta á lára bí ẹni fi ata pa á. Lójú ọmọ, ìwẹ̀ ti di ìyà nìyẹn. Ẹ fi díẹ̀ ṣe é, ní ibi tó dọ̀tí nìkan: ọwọ́, abẹ́ apá, ìdí, ẹsẹ̀. Omi lásán tó fún ojú. Omi lásán náà ló tó fún ojú ara ọmọbìnrin. Ọṣẹ tó bá wọ ibẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìtọ̀ ta á, òun náà sì lè jẹ́ ìdí tí yóò fi máa sá fún ìwẹ̀. Dettol tí àwọn kan ń bù sí omi ọmọ lójoojúmọ́ kò wúlò fún ọmọ tí ara rẹ̀ dá; ṣe ló ń gbẹ awọ ara.

Kànrìnkàn ńkọ́? Ti àgbà ni. Ọwọ́ ìyá tó ní ọṣẹ, tàbí aṣọ òwú tó rọ̀, ló yẹ ara ọmọ ọdún méjì.

Ọ̀rọ̀ orí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ́. Ọ̀pọ̀ wa máa ń bẹ̀rẹ̀ ìwẹ̀ láti orí wá sílẹ̀. Ẹ yí i padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi gun ẹsẹ̀, kó dé itan, kó dé ikùn, kó dé ẹ̀yìn, kí ara ọmọ ti gba ooru omi náà kí ẹ tó gòkè. Tó bá kan orí, ẹ sọ fún un: "Ó kan orí o." Ẹ fún un ní aṣọ gbígbẹ tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ yóò fi bo ojú. Ẹ ní kó wòkè, kó wá ẹyẹ lórí igi, kí ẹ wá fi ọwọ́ òsì ṣe ìbòjì sí iwájú orí rẹ̀, kí ẹ máa bu omi láti àárín orí lọ sí ẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀, kó má ṣàn wá síwájú. Ọmọ tó ti di aṣọ ojú ara rẹ̀ mú lọ́wọ́ kì í bẹ̀rù bíi ti ẹni tí wọ́n di lọ́wọ́ mú. Kò sì pọn dandan kí orí kan omi lójoojúmọ́, pàápàá orí ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di.

Tó bá jáde nínú omi, kí aṣọ ìnura ti wà lórí èjìká yín, kó má jẹ́ pé ìgbà yẹn ni ẹ ó máa pariwo pé kí wọ́n bá yín mú un wá. Ẹ fi òrí tàbí adín àgbọn pa á lára kíá, kí omi tó gbẹ tán. Ìgbà yẹn ló máa ń ká omi mọ́ awọ ara.

Ohun tí ẹnu ń ṣe

Ìyá tó bá béèrè pé, "Ṣé o máa wẹ̀?" ti pa ara rẹ̀ láyò. Ìbéèrè tó ní rárá nínú ni ó bi ọmọ tó jẹ́ pé rárá ló ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu jù lákòókò yẹn. Ẹ má bi í bóyá yóò wẹ̀. Ẹ bi í pé: "Ẹsẹ̀ wo la máa kọ́kọ́ wẹ̀, ọ̀tún àbí òsì?" "Ṣé ike pupa lo máa mú ni àbí àwọ̀ ewé?" Yóò na ẹsẹ̀ kan síwájú. Inú rẹ̀ á dùn pé òun ló pàṣẹ, ìwẹ̀ á sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má já eré gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá a níbi tó ti ń ṣeré, ẹ lóṣòó tì í, ẹ sọ fún un pé tó bá ti kó iyanrìn yìí tán, omi ti wà nílẹ̀. Ẹ padà lọ. Nígbà tí ẹ bá tún dé, kò ní jẹ́ tuntun létí rẹ̀. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí omi kò bá lè bà á jẹ́, ẹ jẹ́ kó mú un dání wọ balùwẹ̀: ọ̀rá omi tí a lu ihò sí nídìí, ọmọláńgidi, bàtà rọ́bà tirẹ̀ pàápàá. Kó wẹ ọmọláńgidi náà. Kó wẹ ọwọ́ yín. Ọmọ tí ẹ bá fún ní ike tó ní kó wẹ ọwọ́ màmá rẹ̀, bó ti ń bomi sí màmá lọ́wọ́ ni òun náà ń tutù lára, kò ní mọ ìgbà tí ọṣẹ kan ẹ̀yìn rẹ̀.

Orin dára, oríkì sì dára jù ú lọ. Ọmọ tí wọ́n ń kì ní Àjọkẹ́ bí omi ti ń dà sí i léjìká, orí rẹ̀ á wú, yóò tẹ́tí. Ohun kan sì wà tí mo rí i pé ó máa ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ń bẹ̀rù ìbomi: kíka iye. "Ike mẹ́ta ló kù, tá a bá ti bu mẹ́ta, ó tán." Kí ẹ kà á sókè: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Kó sì tán lóòótọ́. Ìyá tó bá bu ẹ̀kẹrin nítorí pé ọṣẹ kù lẹ́yìn etí ti ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́, ọmọ kò ní gbà á gbọ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ jẹ́ kí ọṣẹ ẹ̀yìn etí dúró, aṣọ ìnura á gbé e. Ike tó kẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ dà á.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a fi sílẹ̀ pátápátá. "Ọ̀bùn" ni àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún méjì kì í ṣe ọ̀bùn, orúkọ tí a bá sì pè é ni yóò máa jẹ́. Èkejì ni "Màá pe nọ́ọ̀sì kó wá gún ẹ lábẹ́rẹ́." Mo mọ̀ pé ó máa ń mú kí ọmọ sáré wá. Àmọ́ ẹ rò ó: ọmọ kékeré ni a máa ń gbé lọ gba abẹ́rẹ́ èèyi nígbà tó bá pé oṣù mẹ́sàn-án, tí a sì tún ń gbé padà ní oṣù 15. Tí a bá ti sọ abẹ́rẹ́ di ìyà ẹni tí kò wẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ kó rí nọ́ọ̀sì kó má figbe bọnu? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú ń gbọ́ ohun tí à ń sọ.

Ọwọ́ àwọn ìyá àgbà

Kò sí ẹni tó mọ ìwẹ̀ ọmọ bíi yèyé àgbà. Bó ṣe ń na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àpótí, tí ọmọ jòjòló á dùbúlẹ̀ sí àárín rẹ̀, tí yóò máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ra oríkèé kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa kì í: ìfọwọ́kàn tó dára ni, ara ọmọ sì ń fẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn àṣà kan rọ̀ mọ́ ìwẹ̀ yẹn tó yẹ ká yà sọ́tọ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni rírọ ọmọ. Ìwẹ̀ tán, wọ́n á dá ọmọ dùbúlẹ̀ lórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe kòtò sí i lẹ́nu, wọ́n á máa da àgbo tàbí ọ̀gì sí i, nígbà mìíràn pẹ̀lú imú tí wọ́n dì, kó lè gbé e mì. Ewu rẹ̀ hàn sí gbogbo oníṣègùn: ohun tó yẹ kó lọ sí ikùn máa ń gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ọmọ lójú ẹsẹ̀, ó sì lè di àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Ó tún so mọ́ ọ̀rọ̀ wa. Ọmọ tí wọ́n ń rọ lẹ́yìn ìwẹ̀ lójoojúmọ́ ti mọ̀ pé tí òun bá ti rí omi, rírọ ló ń bọ̀. Kò sí bí omi náà ṣe lè móoru tó, yóò ké. Bó bá jẹ́ báyìí ló rí nínú ilé yín, èèwọ̀ ọmọ náà ti hàn síta.

Ìyàwó ilé tó bá fẹ́ bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ó mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ ló gbà. "Yèyé, ẹ ṣeun tí ẹ bá mi wẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ní ilé ìwòsàn wọ́n ní ọmú nìkan ni kó máa mu títí oṣù mẹ́fà, tó bá dé oṣù mẹ́fà, a ó gbé e jókòó, a ó fi ṣíbí bọ́ ọ." Àgbà tí a bá fi ọ̀wọ̀ sọ fún máa ń gbọ́.

Èkejì ni ohun tí a fi ń pa ọmọ tuntun lára lẹ́yìn ìwẹ̀. Àwọn ìpara tó ní méńtọ́ọ̀lù àti káńfọ̀ tí àgbà ń fi pa imú nígbà ọ̀fìnkìn kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ tí a kó káńfọ̀ oníkóró sí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, ọkùnrin pàápàá, ni wọ́n bí pẹ̀lú àìtó èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD. Ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í gba káńfọ̀: ẹ̀jẹ̀ á máa bàjẹ́ lára rẹ̀, ojú á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọ̀sàn, ìbà pọ́njúpọ́njú inú ọmọ tuntun nìyẹn, ó sì lè ba ọpọlọ jẹ́. Láti ọdún 1989 ni àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Ilé-Ifẹ̀ ti kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Ti ọjọ́ ìbí ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ìwẹ̀ àkọ́kọ́ dúró di wákàtí 24 lẹ́yìn tí a bí ọmọ, kí òtútù má baà mú un. Àwọn tó ń kánjú kí "òórùn" má baà mọ́ ọmọ lára, ẹ ní sùúrù ọjọ́ kan.

Ọmọ tó kọ korobá tó fẹ́ràn odò

Ọmọ tó dàgbà díẹ̀, ọdún mẹ́rin, márùn-ún, lè ní òun kò wẹ̀ nílé, kí ẹ sì wá bá a létí odò pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Odò kò jìnnà sí wa. Odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ gan-an, ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ ló wà. Níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń fa apá rẹ̀, kò sí ọṣẹ ojú. Ẹ kọ́ ọgbọ́n lára ìyẹn, kí ẹ fi eré sínú ìwẹ̀ ilé, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sílẹ̀ fún odò.

Ìdí kan ni pé omi tó dúró tàbí tó ń rọra ṣàn lè ní àwọn ìgbín wẹ́wẹ́ tó ń tú kòkòrò àtọ̀sí ajá sínú omi. Kòkòrò yẹn kì í ṣe èyí tí a gbé mì. Awọ ara ló ń gbà wọlé láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan tí ọmọ fi wà nínú omi. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde. Àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Òǹdó wa yìí, ní Ìpògún nítòsí Àkúrẹ́. Oògùn praziquantel ń wò ó, àmọ́ ọmọ tó bá padà sínú odò náà á tún kó o.

Ìdí kejì ni rírì sómi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn bí 300,000 ló rì sómi kú ní àgbáyé lọ́dún 2021, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin wọn tó jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Kì í ṣe odò nìkan. Ọmọ ọdún kan tó bá forí sọ inú korobá tó ní omi díẹ̀ kò lè gbé ara rẹ̀ jáde, nítorí orí rẹ̀ wúwo ju ìyókù ara rẹ̀ lọ, kò sì ní pariwo. Nítorí náà, bí fóònù bá dún nígbà tí ẹ ń wẹ ọmọ, ẹ jẹ́ kó máa dún. Bí oníbàárà bá kanlẹ̀kùn, ẹ gbé ọmọ lọ́wọ́ dání lọ dá a lóhùn. Ẹ má fi ọmọ ọdún mẹ́fà ṣọ́ ọmọ ọdún kan nínú omi. Tí ìwẹ̀ bá tán, ẹ da omi nù lójú ẹsẹ̀, ẹ da korobá bolẹ̀, ẹ sì bo kànga.

Ọjọ́ tí kò bá ṣeé ṣe

Ọjọ́ mìíràn wà tí gbogbo ọgbọ́n á pin. Ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ pé ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ lè tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Eruku àti ooru tiwa ju tiwọn lọ, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwẹ̀ kan tó fò kò ní pa ọmọ lára. Aṣọ tútù àti ọṣẹ díẹ̀ tó fún ojú, abẹ́ apá, ìdí àti ẹsẹ̀. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ fò ni fífi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó jẹun àti lẹ́yìn tó bá ti ṣe ìgbẹ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ìwẹ̀

Ìkọ̀sílẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tó ń fa etí rẹ̀, tó ń ké bí omi bá kàn án lórí, etí lè máa dùn ún. Ọmọ tí làpálàpá tàbí kúrúnà wà lára rẹ̀, ọṣẹ á máa ta á. Èyí tó yẹ kó dá wa dúró jù ni ọmọ tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kò fẹ́ kí a fọwọ́ kàn án, tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí omi tútù bá kàn án ni ẹkún rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Fòníkú-fọ̀ladìde lè wà lára rẹ̀. Nínú ọmọ 100 tí a ń bí ní Nàìjíríà, nǹkan bíi 2 ló ní i, wíwú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yìí sì máa ń wà lára àmì tó kọ́kọ́ yọjú, láti oṣù mẹ́fà sókè. Òtútù máa ń jí ìrora rẹ̀. Fún irú ọmọ yìí, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti kúrò ní ìgbádùn, oògùn ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló sì kàn.

Èyí tó ṣòroó sọ ni pé ọmọ tó ti ń wẹ̀ dáadáa, tó ṣàdédé ń bẹ̀rù kí a bọ́ ṣòkòtò rẹ̀, tàbí tó ń gbọ̀n tí ẹnì kan pàtó bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, lè jẹ́ pé ẹnì kan ti fìyà jẹ ẹ́ tàbí ti fọwọ́ kàn án ní ibi tí kò yẹ. Ẹ má lù ú, ẹ má sì kígbe mọ́ ọn. Ẹ rọra wo ara rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè kékeré, láìgbé ìdáhùn sí i lẹ́nu. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí ẹ ń fura sí dá wẹ̀ ẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà, ìbátan yòówù kó jẹ́. Bí ẹ bá rí ọgbẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀, ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fọ aṣọ tó wọ̀, kí ẹ tó gbé e dé ilé ìwòsàn, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rí wà.

Láti Ùsò, ẹ lè kọ́kọ́ lọ sí ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé tó wà nítòsí yín. Èyí tó bá le, Federal Medical Centre wà ní Ọ̀wọ̀. Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má kàn sọ pé ọmọ kò fẹ́ wẹ̀. Ẹ sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ibi tí ẹ bá fọwọ́ kàn tó fi ń ké, bóyá omi tútù ni tàbí gbígbóná, àti ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́.